Firefox Ò Kú O: Ìbéèrè Yín Lórí Bùráúsà

Ìbéèrè tó wọlé lórí Firefox, bùráúsà tá a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, lóṣù yìí pọ̀ ju ti gbogbo nǹkan yòókù lọ, torí náà òun nìkan la máa jókòó tì lónìí. Mo gé àwọn tó gùn kúrú, ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe níbi iṣẹ́ rí Firefox lórí lápútọ́ọ̀pù mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní bùráúsà àwọn àgbà nìyẹn, pé Chrome ti Google ti pa á tipẹ́. Ṣé lóòótọ́ ni? Níbo ló tiẹ̀ ti wá gan-an?

Kò kú o. Ẹ sọ fún un pé kí Chrome tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2008, Firefox ti ń bá Internet Explorer wọ̀yá ìjà fún nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Ìtàn ẹ̀ gùn díẹ̀ ṣá. Netscape Navigator jáde ní 1994, òun lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn, àfi ìgbà tí Microsoft wá ń fi Internet Explorer sínú Windows lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló tún fẹ́ máa wá bùráúsà kiri nígbà tí ọ̀kan ti wà lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, bí ọjà Netscape ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú nìyẹn. Ní 1998 wọ́n kó kóòdù bùráúsà wọn jáde síta, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ ọ́n wá bá àwọn tún un ṣe, iṣẹ́ yẹn ni wọ́n pè ní Mozilla.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ wúwo, bùráúsà, í-meèlì, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n dì pọ̀. Blake Ross, Dave Hyatt àti Joe Hewitt ló ní kí wọ́n já ẹrù yẹn sílẹ̀ kó ku bùráúsà nìkan. Phoenix lorúkọ tó kọ́kọ́ jẹ́ ní 2002, ilé iṣẹ́ míì ní àwọn ló lorúkọ yẹn, wọ́n yí i sí Firebird ní 2003, àwọn tó ń ṣe database (ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀) tó ń jẹ́ Firebird náà tún fàáké kọ́rí, ló bá di Firefox ní oṣù kejì 2004. Orúkọ mẹ́ta, kò tíì pé ọdún méjì!

Ẹ̀dà 1.0 jáde lọ́jọ́ 9 oṣù kọkànlá 2004. Microsoft ti sùn lọ lákòókò yẹn, láti 2001 tí Internet Explorer 6 ti jáde wọn ò fi bẹ́ẹ̀ fọwọ́ kàn án mọ́, Firefox wá gbé táàbù dé, téèyàn fi lè ṣí ojú ìwé púpọ̀ sínú fèrèsé kan ṣoṣo, ó ń dí àwọn ìpolówó tó máa ń ṣàdédé fò jáde lójú fèrèsé tuntun, ó tún gbà kéèyàn fi àfikún tó bá wù ú sí i. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀ débi pé nígbà tí Firefox 3 jáde ní oṣù kẹfà 2008, wọ́n dáńlóòdù ẹ̀ ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24, ìwé Guinness World Records sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Chrome ló wá ba nǹkan jẹ́ fún un. Chrome yára, Google sì ń polówó ẹ̀ lójú ìwé tiwọn tí gbogbo ayé ń wò lójoojúmọ́. Firefox ìgbà yẹn ń jẹ mẹ́mọ́rì, táàbù kan bá há, gbogbo ẹ̀ á há. Oṣù kọkànlá 2017 ni wọ́n tó jí, wọ́n gbé Firefox 57 jáde tí wọ́n ń pè ní Quantum, wọ́n fi èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, Rust, tún apá kan nínú ẹ̀ kọ kó lè máa pín iṣẹ́ láàárín gbogbo core, ìyẹn ọpọlọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó yára lóòótọ́. Àmọ́ ọjọ́ yẹn náà ni gbogbo àfikún àtijọ́ dẹ́kun iṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń lò ó látọdún pípẹ́ bínú kúrò, àwọn míì ò sì padà wá mọ́. Lójú tèmi, ó yẹ kí wọ́n ṣe é, ó kàn pẹ́ jù ni.

Àwọn tó ń lò ó báyìí ò tó nǹkan tẹ́ ẹ bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Chrome, a ò ní purọ́. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín ò mọ̀ ni pé Opera ti já ẹ́ńjìnnì tiẹ̀, ìyẹn apá tó ń sọ kóòdù wẹ́ẹ̀bù di ohun tá à ń rí, sílẹ̀ ní 2013, Edge ti Microsoft ṣe bẹ́ẹ̀ náà ní 2020, Brave, Vivaldi, Samsung Internet, kóòdù Chromium tí Google ń darí, tí Chrome náà ń lò, ni gbogbo wọn jókòó lé. Yàtọ̀ sí WebKit ti Apple, Gecko tó wà nínú Firefox nìkan ni ẹ́ńjìnnì ńlá míì tó kù. Tíyẹn náà bá lọ, ohun tí Google bá ti sọ nípa bí wẹ́ẹ̀bù ṣe máa rí, abẹ ge nìyẹn. Kí ló wá ń pa á lẹ́rìn-ín?

Ẹ jọ̀ọ́ sà, táàbù mi ti pọ̀ débi pé mi ò rí orúkọ wọn kà mọ́, àmì kékeré nìkan ni mò ń rí. Mi ò sì fẹ́ pa wọ́n dé torí mo ṣì ń lò wọ́n.

Ṣé lóòótọ́ lò ń lò wọ́n ni, àbúrò? Ó dáa, kò burú. Láti Firefox 136, ìyẹn oṣù kẹta 2025, o lè kó táàbù kúrò lókè kí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wàá sì máa rí orúkọ wọn kà. Vertical tabs ló ń jẹ́, wá a nínú Settings níbi tí sidebar wà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé tab groups dé, táwọn èèyàn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún látayébáyé: wọ́ táàbù kan sórí èkejì, dá a dúró síbẹ̀ díẹ̀, wọ́n á di ẹgbẹ́ kan, sọ ẹgbẹ́ yẹn lórúkọ, yan àwọ̀ fún un, tó ò bá nílò ẹ̀ mọ́ kó o ká a kò. Ẹ rántí pé Chrome ti ní groups látọdún 2020 o, kí àwa onífọ́kìsì má wá máa fọ́nnu.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù tiẹ̀ ti pẹ́ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ọ́n ni: tẹ àmì % sínú ibi tá a ń kọ àdírẹ́sì sí, fi àyè kan sílẹ̀, kó o wá kọ ọ̀rọ̀ tó o bá rántí, àárín àwọn táàbù tó o ṣí sílẹ̀ nìkan ló máa ti bá ẹ wá a. Tí lápútọ́ọ̀pù bá ń fà, kọ about:unloads síbi kan náà, bọ́tìnnì kan wà níbẹ̀ tó máa mú táàbù kúrò nínú mẹ́mọ́rì láìpa á dé, ó di ìgbà tó o bá tún tẹ̀ ẹ́ kó tó jí.

Private window, ṣé ó ń bo èèyàn láṣìírí lóòótọ́? Ọkọ mi ní tóun bá ti ṣí i, kò sẹ́ni tó lè mọ ibi tóun lọ.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín o. Ohun tí private window ń ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá ti pa á dé, kò ní fi ìtàn ibi tẹ́ ẹ lọ sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń fún yín ní dátà, ọ̀gá tó ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi iṣẹ́, sáìtì tẹ́ ẹ wọ̀ fúnra ẹ̀, gbogbo wọn ṣì lè mọ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ gidi wà nínú fèrèsé lásán tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá wọ sáìtì kan, ó lè fi cookie sílẹ̀ nínú bùráúsà yín láti fi dá yín mọ̀ nígbà míì. Ilé iṣẹ́ ìpolówó tí kóòdù ẹ̀ wà lórí sáìtì ìròyìn, tó tún wà lórí sáìtì bàtà, tó tún wà lórí ti oògùn, á ka cookie kan náà níbi gbogbo, bó ṣe ń mọ̀ pé ẹni tó ń wá bàtà ló ń wá oògùn nìyẹn. Láti oṣù kẹfà 2022, Firefox ti ń ya cookie sáìtì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ fún gbogbo èèyàn láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan kan, Total Cookie Protection lorúkọ ẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìpolówó kan náà á rí yín bí ẹni ọ̀tọ̀ ní sáìtì kọ̀ọ̀kan. Google ní tiẹ̀ pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òun máa lé irú cookie yẹn kúrò nínú Chrome, nígbà tó di 2024 ó ní òun ò ṣe mọ́.

uBlock Origin mi pòórá lórí Chrome! Kí ni mo ṣe?

O ò ṣe nǹkan kan. Chrome ló yí òfin àfikún padà sí Manifest V3, agbára tí uBlock Origin fi ń dá ìpolówó dúró kó tó wọlé ò sí nínú ẹ̀ mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Firefox gba V3 wọlé ṣùgbọ́n kò gba agbára yẹn kúrò, torí náà uBlock Origin ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí kan orí fóònù Android. Ti iPhone yàtọ̀, ẹ́ńjìnnì Apple ni Firefox ń lò níbẹ̀, má retí ẹ̀.

Windows 7 ni mò ń lò, Firefox ò gba ápìdéètì tuntun mọ́.

Ẹ̀dà 115 ESR, irú ẹ̀dà tó ń gba àtúnṣe ààbò fún ìgbà pípẹ́, ló kẹ́yìn fún Windows 7 àti 8. Mozilla tó ń ṣe Firefox ti sún ọjọ́ tí wọ́n máa dáwọ́ ààbò ẹ̀ dúró síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n kò sí vertical tabs fún yín lórí ẹ̀ o. Tí kọ̀ǹpútà yẹn bá lè gbé Linux dípò Windows, ẹ gbìyànjú ẹ̀.

Wọ́n ní AI ti kún inú Firefox báyìí, ẹ̀rù ń bà mí. Àti pé ta ló tiẹ̀ ń sanwó fún wọn nígbà tó jẹ́ ọ̀fẹ́?

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló burú. Èyí tó ń túmọ̀ ojú ìwé láti èdè kan sí òmíì, tó dé ní 2023, orí kọ̀ǹpútà yín ló ti ń ṣiṣẹ́, ohun tẹ́ ẹ kà ò lọ síbì kankan, mo sì fẹ́ràn ìyẹn. Chatbot, ìyẹn AI téèyàn ń bá sọ̀rọ̀, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá kọ sínú ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni chatbot tẹ́ ẹ yàn. Àwọn èèyàn pariwo gan-an lórí ẹ̀, ni Mozilla bá fi AI controls sínú Settings láti Firefox 148 ti oṣù kejì 2026, bọ́tìnnì kan ṣoṣo wà níbẹ̀ tó ń pa gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ẹ pa á tí ẹ̀rù bá ń bà yín.

Ti owó, Google ni. Bẹ́ẹ̀ ni, Google yẹn náà! Owó tó ń san kó lè jẹ́ pé òun lẹ ó kọ́kọ́ bá tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá nǹkan, òun ló pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún Mozilla. Wọ́n ti gbìyànjú láti kúrò lábẹ́ ẹ̀ rí, Yahoo ni wọ́n lò ní Amẹ́ríkà láti 2014, ní 2017 wọ́n padà sọ́dọ̀ Google. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Adájọ́ Amẹ́ríkà, Amit Mehta, tó dá Google lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ọjà ìṣàwárí ní 2024 ì bá ti fòpin sí irú owó bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ ti oṣù kẹsàn-án 2025 wá ní Google ṣì lè máa san án, kó má kàn sọ pé òun nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbà láyè. Tí ọ̀rọ̀ yẹn bá ń dùn yín, ẹ ṣí Settings, ẹ lọ síbi Search, ẹ yan DuckDuckGo tàbí òmíì tó bá wù yín.