Ìbéèrè Yín Lórí Ìrìn-àjò: Ìgbafẹ́ Tọkọtaya Nílẹ̀ Yúróòpù Nígbà Ooru

Púpọ̀ nínú lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí ló wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Abuja àti ní òkè Ọya, tí iṣẹ́, ẹ̀kọ́ tàbí ọmọ ń gbé lọ sí Yúróòpù, tí wọ́n sì fẹ́ mọ bí tọkọtaya ṣe lè fi àsìkò ooru ibẹ̀ rìn káàkiri láìsí ìnira. Mẹ́rin nínú wọn ni a dáhùn níhìn-ín.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ọkọ mi ń bá ṣiṣẹ́ ní Abuja ti gbé e lọ sí ìlú Bonn ní Jámánì fún ọdún méjì, èmi náà yóò sì lọ bá a nínú oṣù Karùn-ún. Kò ní lè gba ìsinmi gígùn, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ máa ń dilẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di ọjọ́ Àìkú. Mo ti kọ orúkọ ìlú mẹ́wàá sílẹ̀, láti Paris títí dé Rome àti Barcelona, tí mo fẹ́ kí a fi òpin ọ̀sẹ̀ oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ rìn tán. Ọkọ mi ní àṣejù ni. Ẹ bá wa dá sí i. — Abilékọ kan, Gwarinpa, Abuja

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, Ìyá wa. Ọkọ yín ni mo gbè sẹ́yìn. Kò sí èyí tí kò dára nínú àwọn ìlú tí ẹ kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀ kò gùn tó bí ó ṣe ń rí lójú ẹni tó jókòó sí Gwarinpa tó ń wo máàpù. Bàálù olówó pọ́ọ́kú lè má gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ yín, àmọ́ pápákọ̀ tí irú bàálù bẹ́ẹ̀ ń lò sábà máa ń jìnnà sí ìlú tí wọ́n fi pè é. Hahn tí wọ́n so mọ́ orúkọ Frankfurt fi nǹkan bí 120 kìlómítà jìnnà sí Frankfurt, Beauvais tí wọ́n ń pè ní ti Paris sì fi nǹkan bí 85 kìlómítà jìnnà sí Paris. Bí ẹ bá ro wákàtí tí ẹ ó lò nínú bọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́ èyí tí ẹ ó fi tò fún àyẹ̀wò àti èyí tí ẹ ó fi wá hòtẹ́ẹ̀lì, díẹ̀ ni yóò kù nínú ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ lè pè ní tiyín.

Ohun tí èmi yóò ṣe ní ipò yín ni pé n ó fi Bonn ṣe ibùdó, n ó máa jáde láàárọ̀, n ó sì máa padà wá sùn sílé. Tíkẹ́ẹ̀tì oṣooṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Deutschlandticket, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní €49 nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí ó sì ti di €63 láti oṣù Kìíní ọdún 2026. Ẹni tó bá ní in lè wọ bọ́ọ̀sì ìgboro, tíráàmù àti ọkọ̀ ojú irin agbègbè jákèjádò Jámánì. Kò wà fún àwọn ọkọ̀ asáré bíi ICE. Ẹ fi í sọ́kàn pé fúnra rẹ̀ ló ń tún ara rẹ̀ san: bí ẹ kò bá fagi lé e títí di ọjọ́ kẹwàá oṣù, wọn yóò yọ owó oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti wọ rélùwéè láti Idu ní Abuja lọ sí Rigasa ní Kaduna ti mọ nọ́ńbà ìjókòó tó máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ agbègbè Jámánì; ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń jókòó. Nítorí náà, bí oòrùn bá ràn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ẹ tètè jáde, torí gbogbo ìlú ni yóò fẹ́ jáde pẹ̀lú yín.

Inú Bonn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Olú-ìlú Ìwọ̀-oòrùn Jámánì ni láti ọdún 1949, kí àwọn aṣòfin wọn tó dìbò ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1991 pé kí ìjọba kó lọ sí Berlin. Ọdún yẹn gan-an, nínú oṣù Kejìlá, ni ìjọba tiwa kó kúrò ní Èkó wá sí Abuja. Ẹ̀yin ti gbé nínú ìlú tí ìjọba kó wá; yóò dùn mọ́ yín láti wo ìlú tí ìjọba kó kúrò nínú rẹ̀. Ní Haus der Geschichte, ilé àkójọ ìtàn tó dá lórí Jámánì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀fẹ́ ni ìwọlé. Bí ẹ bá rékọjá sí òdìkejì odò Rhine, ní Königswinter, ẹ ó rí ọkọ̀ ojú irin eléyín tó ti ń gbé èrò gun òkè Drachenfels láti ọdún 1883. Òkè náà kò ga ju 321 mítà lọ, Zuma Rock ga jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti rí odò náà bó ṣe na ara rẹ̀ lọ sí ìhà Köln.

Köln kò ju nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí lọ láti Bonn. Ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ kàtídírà tó wà níwájú ibùdókọ̀ ojú irin ibẹ̀, ọdún 1880 ni wọ́n tó parí rẹ̀. Àwọn ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì ga tó nǹkan bí 157 mítà. Àtẹ̀gùn 533 ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ gòkè, ẹ bi orúnkún ọkọ yín kí ẹ tó dáwọ́ lé e.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Koblenz, ní ìhà gúúsù. Ibẹ̀ ni odò Moselle ti wọ inú Rhine, bí Ọya àti Benue ṣe pàdé ní Lókója. Láti Koblenz lọ sí Bingen àti Rüdesheim, àfonífojì náà há, àwọn ilé olódi àtijọ́ sì tò sórí òkè ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2002. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ, kí ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi bọ̀ dé Koblenz, nítorí ìhà Bonn ni odò ń ṣàn sí, ọkọ̀ tó bá sì ń bá omi lọ máa ń yá ju èyí tó ń gbéjà ko omi. Ẹ gbé oúnjẹ dání. Oúnjẹ inú ọkọ̀ ojú omi wọ́n, kò sì dùn tó owó rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ iye orílẹ̀-èdè ni ẹ fẹ́ kà fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní Abuja, ẹ lọ sí Aachen, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Vaals. Orí òkè kan wà níbẹ̀ tí Jámánì, Bẹ́ljíọ̀mù àti Nẹ́dálándì ti pààlà, ẹ ó sì ti tẹ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó mu omi tán.

Ẹ wá mú ìlú jíjìnnà méjì péré nínú mẹ́wàá yẹn. Tèmi ì bá jẹ́ Brussels àti Paris, torí ọkọ̀ asáré ń ti Köln lọ síbẹ̀ tààrà, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì máa ń dínwó fún ẹni tó bá tètè rà á. Kàtídírà Notre-Dame tó jóná lọ́dún 2019 ti ṣí padà láti oṣù Kejìlá ọdún 2024, ẹ má sì lọ sí Louvre lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nítorí wọn kì í ṣí i. Ẹ fi Rome sílẹ̀ di oṣù Kẹwàá. Ooru oṣù Kẹjọ ibẹ̀ kò ṣeé fi ṣeré, kódà fún ẹni tó ti lo oṣù Kẹta ní Abuja, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ àwọn ará ìlú sì máa ń wà ní títì pa ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù náà tí í ṣe ọjọ́ ìsinmi wọn.

Ọ̀rọ̀ ìwé ló kù. Físà tí Jámánì bá fún yín láti lọ gbé pẹ̀lú ọkọ yín, àti káàdì ìgbélùú tó máa rọ́pò rẹ̀, fún yín láyè láti wọ àwọn orílẹ̀-èdè Schengen yòókù, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, fún ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180 èyíkéyìí. Bí físà náà bá tán tí káàdì kò tíì dé, ẹ má ṣe kọjá ibodè kankan. Ẹ máa mú pásípọ́ọ̀tù àti káàdì dání pẹ̀lú, kì í ṣe fọ́tókọ́pì, torí láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Jámánì ti dá àyẹ̀wò padà sí gbogbo ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ sì ra oúnjẹ ilé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ọjọ́ Àìkú ni ìsọ̀ ń tì ní Jámánì, tí ẹ ó bá sì ti ìrìn-àjò dé lálẹ́ ọjọ́ náà, ohun tó wà nínú fíríìjì ni ẹ ó jẹ.

Mo kí yín, ẹ̀yin olóòtú. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọmọbìnrin wa àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Den Haag ní Nẹ́dálándì, wọ́n sì fẹ́ kí èmi àti ìyá rẹ̀ wá lo oṣù Keje lọ́dọ̀ wọn. Ètò wọn ni pé kí a lọ sí Brussels àti Paris, kí a gba ibẹ̀ kọjá lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí a tó padà sí Nẹ́dálándì wá wọ bàálù. Ṣé físà kan ṣoṣo tó gbogbo rẹ̀? Báwo sì ni ìrun kíkí yóò ṣe rí níbi tí oòrùn kì í tètè wọ̀? — Alhaji kan, Kaduna

Alhaji, a kí yín, a sì kí Alhaja. Brussels àti Paris kò ní wàhálà, nítorí físà ìgbà kúkúrú tí Nẹ́dálándì bá fún yín ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 29 tó wà nínú àdéhùn Schengen. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ó gba físà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ewu kan sì tún wà nínú ètò àwọn ọmọ yín tó ṣeé ṣe kí wọ́n má ro: bí ó bá jẹ́ pé nọ́ńbà 1 ni wọ́n kọ síbi iye ìgbà ìwọlé lára físà Schengen yín, ọjọ́ tí ẹ bá kúrò ní Paris lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ni físà náà tán, ẹ kò sì ní lè padà sí Nẹ́dálándì wá wọ bàálù yín. Àfi kí wọ́n kọ 2 tàbí MULT, ìyẹn ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà, síbẹ̀. Bí ẹ bá ń béèrè fún un, ẹ ṣàlàyé ìrìn-àjò Lọ́ńdọ̀nù náà, kí ẹ sì so ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ọn. Èyí tó rọrùn jù ni kí ẹ̀gbọ́n náà wá bá yín ní Den Haag.

Owó físà náà jẹ́ €90 fún àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan, adójútòfò ìrìn-àjò tí ẹ ó rà kò sì gbọdọ̀ dín ní €30,000. Ẹ lè béèrè láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò; ẹ má dúró dìgbà tó bá ku ọjọ́ 15.

Kí ẹ tó ronú kan Paris rárá, Den Haag ní ohun tó pọ̀ fún ẹni tó ti dàgbà tí kò fẹ́ sáré. Ibẹ̀ ni Ààfin Àlàáfíà wà, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1913, tí Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé ń jókòó sí, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dájọ́ Bakassi fún Kamẹrúùnù ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹwàá ọdún 2002. Ọmọ Yorùbá méjì ti jókòó lórí àga ìdájọ́ ibẹ̀. Taslim Olawale Elias, ọmọ Èkó, jẹ́ ààrẹ ilé-ẹjọ́ náà láti 1982 sí 1985. Bola Ajibola, ọmọ Òwu ní Abẹ́òkúta, ṣe adájọ́ níbẹ̀ láti 1991 sí 1994, ó sì tún padà jókòó bí adájọ́ tí Nàìjíríà yàn nínú ẹjọ́ Bakassi gan-an. Ẹnikẹ́ni lè wo ààfin náà láti ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, kí ọmọ yín tètè bá yín ṣe é. Tíráàmù ń lọ sí etí òkun ní Scheveningen. Bí ẹ bá sì fẹ́ rí àwọn ọlọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí, ọkọ̀ ojú omi ń ti Rotterdam lọ sí Kinderdijk, níbi tí 19 nínú wọn ti dúró lójú kan.

Ní ti ìrun, nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni oòrùn ń wọ̀ níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje, ìrun Màgàríbì yóò sì bọ́ sí ìgbà tí ẹ ti máa ń sùn ní Kaduna. Ẹ ti mọ ìrọ̀rùn tí ẹ̀sìn fún arìnrìn-àjò láti dín ìrun kù àti láti so ó pọ̀. Mọ́sálásí àdúgbò ọmọ yín ni kí ẹ ti béèrè àkókò tí wọ́n ń lò fún Ìṣáì. Kí ẹ máa sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, kí ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ to ìrìn-àjò sí òwúrọ̀ kùtùkùtù.

Àbúrò mi obìnrin àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Trier ní Jámánì. Wọ́n ní tí àwọn bá lọ gbafẹ́ ní Luxembourg, àwọn kì í san owó ọkọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n ń sá fún owó ni. — Ẹ̀gbọ́n wọn, Jos

Ẹ fọkàn balẹ̀. Láti ìparí oṣù Kejì ọdún 2020 ni Luxembourg ti sọ bọ́ọ̀sì, tíráàmù àti ọkọ̀ ojú irin inú orílẹ̀-èdè náà di ọ̀fẹ́, fún onílé àti àlejò. Ipò kìíní nínú ọkọ̀ ojú irin nìkan ni wọ́n ń san owó fún. Láti Trier dé ibodè, tíkẹ́ẹ̀tì Jámánì ṣì pọn dandan.

Ìyàwó mi ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Berlin. Ó ní bí mo bá dé nínú oṣù Kẹjọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwọn ère Benin wà ni òun yóò kọ́kọ́ mú mi lọ. Ṣebí wọ́n ti dá wọn padà? Kí ló wá kù níbẹ̀ tí mo fẹ́ wò? — Ọkọ rẹ̀, Kubwa

Díẹ̀ ni wọ́n dá padà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Jámánì, Annalena Baerbock, gbé 20 nínú wọn wá sí Abuja tiwa níhìn-ín. Iṣẹ́ ọnà Benin tó lé ní 500 ló wà ní Berlin, tí wọ́n ti fọwọ́ sí i pé Nàìjíríà ló ni wọ́n báyìí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé kí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ṣì wà níbẹ̀ bí ohun tí a yá wọn. Humboldt Forum, láàárín ìgboro Berlin, ni wọ́n ti ń ṣàfihàn wọn.

Lójú tèmi, ìyàwó yín mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá rí àwọn ère wọ̀nyẹn ní Berlin yóò rí iye ohun tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní Benin lọ́dún 1897, nítorí ohun tó wà lójú kan níbẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ọ̀pọ̀ wa ti rí rí nílé lọ. Ẹ má fi ju òwúrọ̀ kan lọ, nítorí ẹsẹ̀ máa ń tètè rẹni nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ju ojú ọ̀nà lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ń ti ilé náà. Ẹ fi ọjọ́ yẹn wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro lọ sí etí adágún Wannsee, níbi tí àwọn ará Berlin ti ń lúwẹ̀ẹ́ láti ọdún 1907.