Èsì: Mo tún ṣubú, ṣé Ọlọ́run ṣì máa gbọ́ mi?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ní ẹ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ẹ ò ní parọ́ nídìí ọjà mọ́, ẹ tún wá parọ́ fún oníbàárà, ojú wá ń tì yín láti gbàdúrà. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ wo ọ̀rọ̀ Pétérù. Ó sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta lóru ọjọ́ kan, ní àgbàlá tí wọ́n dáná èédú sí (Jòhánù 18). Lẹ́yìn àjíǹde, iná èédú náà ni Jésù tún dá létí òkun Tìbéríà, ẹja wà lórí ẹ̀, búrẹ́dì wà ńbẹ̀, ó ní kí wọ́n wá jẹun (Jòhánù 21). Oúnjẹ ló kọ́kọ́ fún un, kó tó bi í lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó fẹ́ràn òun. Omi máa ń bọ́ lójú mi tí mo bá kà á débẹ̀. Kódà nínú Máàkù 16:7, wọ́n dárúkọ Pétérù lọ́tọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán àwọn obìnrin tó lọ síbi ibojì Jésù sí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ má dúró dìgbà tí ojú ò bá tì yín mọ́ kí ẹ tó kúnlẹ̀. Ẹ pe irọ́ náà ní irọ́ níwájú Ọlọ́run, kí ẹ sì dá owó oníbàárà yẹn padà. Màá gbàdúrà fún yín lálẹ́ òní.