Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ilé Títúnṣe àti Owó Iná

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti tú gbogbo àjà ilé wa kalẹ̀ láti tún un ṣe. Bíríkìlà ní ká pààrọ̀ fèrèsé, oníṣẹ́ iná ní ká ra ẹ̀rọ amúlétutù tó tóbi sí i. Owó wa ò ká méjèèjì. Èwo ló máa dín owó iná kù jù?

Ìdáhùn: Ẹ fi méjèèjì sílẹ̀ ná. Àjà tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó, torí bẹ́ ẹ bá ti kàn án pa, owó mìíràn lẹ máa fi tú u. Bí òrùlé bá ń jò, ẹ dí i, nítorí ohun ìdènà ooru tó bá ti rin kò wúlò mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà: ihò wáyà àti páìpù, ibi tí ògiri ti pàdé òrùlé, etí férémù fèrèsé, abẹ́ ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 90, tó fi sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ nísàlẹ̀, kò yàtọ̀ sí ògiri tí wọ́n lu ní ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 9, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 10. Lọ́jọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ ti ilé pa, ẹ tan tùràrí, kẹ́ ẹ mú un rìn létí àwọn ibi wọ̀nyí. Ibi tí èéfín bá ti yà bàrá, ibẹ̀ ló ń gbà.

Silicone, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń dí àlàfo, tó fún èyí tí kò ju mílímítà 6 lọ. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀, fóòmù tó ń wú ni kẹ́ ẹ fín sí i. Ẹ má fín in sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù tí èéfín iná ń gbà jáde o, ó máa ń gbiná. Ẹ má sì dí ihò afẹ́fẹ́ ilé ìdáná: gáàsì tí kò rí afẹ́fẹ́ jó dáadáa máa ń tú kábọ́ọ̀nù mónósáídì, kò lóòórùn, ó sì ń pààyàn.

Ìgbà yìí lẹ tó máa tẹ́ fiberglass, ohun ìdènà ooru tó rí bí òwú, sórí àjà. Afẹ́fẹ́ tó há sínú rẹ̀ ló ń dá ooru dúró, nítorí náà káfíńtà tó bá ń fẹsẹ̀ kì í bọ àlàfo tóóró ń ba owó yín jẹ́ ni. Bẹ́ ẹ bá ní iná àtijọ́ tí wọ́n rì sínú àjà, ẹ fi mílímítà 75 sílẹ̀ yí i ká, kí ooru rẹ̀ má baà dáná sílé.

Ẹ̀rọ amúlétutù ló kẹ́yìn. Bí ooru tó ń wọlé bá ti dínkù, èyí tó kéré lè tó yín. Èyí tó bá tóbi ju yàrá lọ á tètè mú un tutù, á kú, á tún tan, kò sì ní ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti fa ọ̀rinrin. Yàrá á tutù lóòótọ́, ara ò ní balẹ̀.

Ìbéèrè: Wọ́n lẹ fóìlì aláyùmíníọ̀mù mọ́ abẹ́ páànù wa gan-an, wọ́n sì fi pákó àjà tì í lábẹ́. Kí ló dé tí ooru ò yàtọ̀?

Ìdáhùn: Wọn kò fi àlàfo sílẹ̀ ni. Ojú dídán fóìlì kì í ṣiṣẹ́ àfi tí ó bá kọjú sí afẹ́fẹ́. Tí nǹkan bá ti kàn án lójú méjèèjì, irin lásán ni, á sì gbé ooru kọjá. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e kúrò lára àjà, ó kéré tán mílímítà 25, kẹ́ ẹ dojú dídán kọ ìsàlẹ̀ kí eruku má baà bò ó. Ẹ pa iná ilé láti orísun kí ẹnikẹ́ni tó kan ìṣó mọ́ fóìlì. Ìṣó tó bá gún wáyà á mú kí gbogbo fóìlì gbé iná, èyí sì ti pa òṣìṣẹ́ rí.

Ìbéèrè: Kọ́tìnì wa nípọn, síbẹ̀ yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ń gbóná.

Ìdáhùn: Oòrùn ti gba gíláàsì kọjá kó tó kan kọ́tìnì. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró. Ìbòrí orí fèrèsé nìkan ò tó níhà yẹn, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ìbòjú tó ṣeé fà wálẹ̀ níta ló ń ṣe é.

Ìbéèrè: Ṣé pípààrọ̀ gílóòbù tiẹ̀ já mọ́ nǹkan?

Ìdáhùn: Gílóòbù àtijọ́ 10, oní-60 wáàtì, tó ń tàn fún wákàtí 5 lóòjọ́, ń jẹ yúníìtì 3. LED oní-9 wáàtì, iye kan náà, ń jẹ 0.45. Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ àwọn tó ń pẹ́ ní títàn; ti yàrá ẹrù lè dúró.