Ìyá ọkọ mi ni mo kọjá lára lọ́jà, mi ò dá wọn mọ̀

Arábìnrin kan ló kọ̀wé sí mi láti Abẹ́òkúta. Mo gé lẹ́tà rẹ̀ kúrú:

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọmọ ọdún 34 ni mí, aṣọ ni mo ń rán. Láti kékeré ni ojú èèyàn kì í ti í dúró lọ́kàn mi. Mo lè wọn èèyàn lónìí, kí n pàdé rẹ̀ lọ́la kí n má mọ ẹni tó jẹ́, àfi bó bá sọ̀rọ̀. Lóṣù tó kọjá, lọ́jà Kútọ̀, mo gba ẹ̀gbẹ́ ìyá ọkọ mi kọjá, mi ò kúnlẹ̀, mi ò tilẹ̀ kí wọn. Wọ́n ti ṣe irun tuntun, wọn ò sì wọ gíláàsì wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹbí ọkọ mi ti ń pè mí ní agbéraga. Ọkọ mi ní kò sí bí èèyàn ṣe máa lo ọdún mẹ́sàn-án nílé ọkọ kó má mọ ìyá ọkọ ẹ̀. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé tí mo bá lọ mú ọmọ mi nílé ìwé, ẹnu géètì ni mo máa ń dúró sí títí òun fúnra ẹ̀ á fi sáré wá bá mi. Ṣé orí mi pé báyìí? Bàbá mi ní Ṣàgámù ò ní irú wàhálà yìí, gbogbo ayé ni wọ́n ń kí.”

Ọmọ mi, orí rẹ pé. Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, torí ó hàn nínú lẹ́tà rẹ pé ó ti pẹ́ tí o ti ń bi ara rẹ ní ìbéèrè yìí. Ohun tó ń ṣe ọ́ ní orúkọ. Prosopagnosia ni àwọn dókítà ń pè é. Àìdá-ojú-mọ̀ ni kí àwa máa pè é.

Ojú rẹ ríran. Bí kò bá ríran, o ò ní lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Kì í sì í ṣe ìgbàgbé, torí gbàrà tí oníbàárà rẹ bá ti lanu ni o ti mọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀, àti iye owó aṣọ tó ṣì jẹ ọ́. Apá kan ń bẹ nínú ọpọlọ, nísàlẹ̀ lápá ẹ̀yìn, ti ọwọ́ ọ̀tún ló sì lágbára jù, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó kó imú, ojú, ẹnu àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ ṣọ̀kan, kó sì sọ fún wa kíákíá pé lágbájá nìyí. Tìrẹ kò ṣe iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ẹyọ ẹyọ ni o ń rí ojú èèyàn, bí aṣọ tí o ti gé tán ṣùgbọ́n tí o kò tíì rán pọ̀.

Dókítà ará Jámánì kan, Joachim Bodamer, ló sọ ọ́ lórúkọ lọ́dún 1947, látara àwọn tó fi orí gbọgbẹ́ lójú ogun. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó gbà pé wọ́n lè bí i mọ́ èèyàn, láìjẹ́ pé ohunkóhun kọ lu orí rẹ̀. Lọ́dún 2006, àwọn olùwádìí ní Jámánì fọ̀rọ̀ wá akẹ́kọ̀ọ́ 689 lẹ́nu wò, wọ́n sì rí 17 nínú wọn tí wọ́n bí i mọ́. Ìyẹn ju èèyàn méjì lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Oliver Sacks tí òkìkí rẹ̀ kàn láàárín àwọn dókítà ọpọlọ pàápàá ní in. Ó sọ pé òun ti tọrọ gáfárà rí lọ́wọ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí òun fẹ́ kọ lù, kó tó yé òun pé dígí ni, ara òun ni òun ń bẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tiwa níbí tún le sí i. Ẹni tí kò bá kí àgbà, kò sẹ́ni tó máa bi í bóyá ó dá wọn mọ̀. Ọmọ tí wọn ò kọ́ ni. Irun ni o fi ń mọ obìnrin, àwọn obìnrin wa sì ń di ṣùkú lónìí, wọ́n ń dé wíìgì lọ́la. Aṣọ ni o tún fi ń mọ̀ wọ́n, ó wá di òde tí gbogbo wọn ti ra aṣọ ẹbí, léèsì kan náà, gèlè kan náà. Nígbà tí mo ka ti géètì ilé ìwé, tí mo ro gbogbo ọmọ wọ̀nyẹn nínú yunifọ́ọ̀mù kan ṣoṣo, mo ní láti gbé lẹ́tà rẹ sílẹ̀ ná.

Ibi tí mo ti máa bá ọ wí díẹ̀ rèé: ọdún mẹ́sàn-án, o ò sọ fún ọkọ rẹ. O ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tó bá kí ọ, o ń dọ́gbọ́n dúró kí wọ́n fi sọ̀rọ̀. Ó ti sú ọ, kò sì gbà ọ́ sílẹ̀ lọ́jà Kútọ̀. Ìyá ọkọ rẹ ni kí o kọ́kọ́ lọ bá, kí o tó lọ bá dókítà kankan. Má fi fóònù ṣe é, má sì rán ọkọ rẹ. Kúnlẹ̀, kí o ní: “Màmá, ẹ dárí jì mí. Mo rí obìnrin kan lọ́jà, mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Báyìí ni wọ́n ṣe bí mi, ojú èèyàn kì í dúró lọ́kàn mi, tọkọ mi àti tọmọ mi pàápàá. Ohùn yín ni mo fi ń mọ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí mi níta, ẹ pe orúkọ mi.” Wọ́n lè má gbà á lọ́jọ́ kan náà. Tún padà lọ.

Lẹ́yìn náà, ní kí àbúrò rẹ ṣa fọ́tò ogún èèyàn tí ẹ jọ mọ̀ dáadáa, kí ti ìyá ọkọ rẹ wà nínú rẹ̀. Kó jẹ́ fọ́tò tí o ò tíì rí rí, torí o lè ti mọ fọ́tò fúnra rẹ̀. Kó fi pépà bo irun, etí àti aṣọ wọn, kó ku ojú nìkan. Kí ẹ̀yin méjèèjì dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ rẹ sì jókòó tì yín kó máa kọ iye tí kálukú gbà. Èyí kò tó àyẹ̀wò dókítà, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ á fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Dókítà ojú ni kí o kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà dókítà ọpọlọ. Wọ́n wà ní UCH Ìbàdàn. Má kàn sọ pé ò ń gbàgbé èèyàn. Sọ ti ọjà, sọ ti géètì, kí o sì tẹnu mọ́ ọn pé láti kékeré ni. (Ẹni tó bá jẹ́ pé òjijì ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, kó má jókòó kọ lẹ́tà sí mi o. Ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀.) Wọ́n lè fún ọ ní ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Cambridge Face Memory Test. Mọ̀ pé ojú ọkùnrin òyìnbó ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń ṣòro díẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ya ojú àwọn tí kò bá wọn dàgbà sọ́tọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn nìkan dá ọ lẹ́jọ́. Ìbéèrè 20 tó ń jẹ́ PI20 wà, tó jáde lọ́dún 2015, tó dá lórí ìgbé ayé ojoojúmọ́. Béèrè fún un.

Kò sí oògùn rẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹni tó bá sọ pé ayé ló gba ojú èèyàn lọ́kàn rẹ, má fún un ní kọ́bọ̀. Ní ti ọmọ rẹ, ra báàgì tí àwọ̀ rẹ̀ kò jọ ti ẹnikẹ́ni fún un, kí o sì bá tíṣà rẹ̀ sọ ọ́ pé òun ni kó máa fà á lé ọ lọ́wọ́.

Ó wá ku bàbá rẹ. Nínú àwọn 17 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, 14 gbà kí wọ́n yẹ ẹbí wọn wò, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí wọn ò rí òbí, ọmọ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ní in. O ní gbogbo ayé ni bàbá rẹ ń kí. Mi ò mọ̀ wọ́n, wọ́n lè kàn jẹ́ ọlọ́yàyà èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dá ojú mọ̀, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní agbéraga, kí ló máa ṣe bí kò ṣe pé kó kí gbogbo ẹni tó bá pàdé? Tí o bá ń lọ sí Ṣàgámù, kó àwọn fọ́tò yẹn dání pẹ̀lú pépà tí wọ́n fi bò wọ́n. Tẹ́ wọn síwájú wọn, kí o rọra bi wọ́n pé, “Bàbá, ta nìyí?”