Sítéèkì fún ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó wọn: ilé oúnjẹ wo ni kí n mú?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Baltimore ni mò ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn, tí mo ń pè ní Àǹtí, wà ní Brooklyn ní New York. Àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà. Ìgbéyàwó wọn máa pé ogún ọdún láìpẹ́, mo sì fẹ́ san owó oúnjẹ alẹ́ kan fún wọn, sítéèkì gidi, irú ibi tí wọn kò ní fi owó ara wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn ẹran gan-an. Àǹtí náà ń jẹ ẹran, àmọ́ bí wọ́n bá ti rí pupa nínú rẹ̀, ó parí nìyẹn. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń dárúkọ Peter Luger. Mo ní 400 dọ́là. Ṣé kí n ra káàdì ẹ̀bùn ibẹ̀ ni, àbí ẹ ní ibòmíràn lọ́kàn?

Ìdáhùn

Ẹ kú oríire ogún ọdún o. Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n ṣe àádọ́ta láyọ̀.

Bí mo bá wà ní ipò yín, Àǹtí ni n óò kọ́kọ́ rò kí n tó ronú kan orúkọ ilé oúnjẹ kankan. Ìdí iná ni iṣẹ́ mi. Ohun tí mo fi ń mọ oníbàárà tí n kò rí ni bí ó ṣe fẹ́ kí ẹran òun jinná tó. Ìyẹn ló ń sọ irú ẹ̀yà ẹran tó yẹ kí ó jẹ, ẹ̀yà ẹran ló sì yẹ kó sọ ibi tí a ó lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e gba ẹ̀yìn: wọ́n á mú ilé olókìkí ná, nígbà tí oúnjẹ bá wá dé, ẹnì kan á máa jẹ, ẹnì kejì á máa fi fọ́ọ̀kì tú àwo wò.

Omi pupa tí Àǹtí ń rí yẹn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dà kúrò lára màlúù láti ibi tí wọ́n ti pa á. Omi inú ẹran ni, pẹ̀lú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní myoglobin, tó máa ń fún ẹran ní àwọ̀ pupa. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ ni, ẹ má fi bá Àǹtí jiyàn. Ẹran tí a bọ̀, tí a dín, tí a tún dà sínú ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa jẹ dàgbà, kò sì sí ohun tó burú nínú kí ènìyàn fẹ́ kí ẹran òun jinná dénú. Sítéèkì medium rare, èyí tí àárín rẹ̀ ṣì pupa, tí àwọn alásè ilé wọ̀nyí fẹ́ràn láti gbé jáde, máa ń gbóná tó nǹkan bí 55°C láàárín. Iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà, USDA, ní kí ó dé 63°C, kí a sì jẹ́ kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 3. Well done, èyí tí Àǹtí ń fẹ́, máa ń ju 70°C lọ. Nígbà tí ẹran bá fi máa dé ibẹ̀, omi ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rá ló lè gbà á sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta filet fún Àǹtí. Òun ló rọ̀ jù lára màlúù, ó sì wà lára èyí tó wọ́n jù, ṣùgbọ́n kò lọ́ràá. Bí ó bá pẹ́ lórí iná, á gbẹ háúháú. Ribeye ló yẹ wọ́n, ẹran ìhà, tí fọ́nrán ọ̀rá funfun wà káàkiri inú rẹ̀. Bí iná bá mú un, ọ̀rá yẹn á yọ́, á sì máa rin ẹran náà láti inú. Kódà bí ó bá jinná tán, adùn ṣì máa wà lẹ́nu.

Ó wá kan Peter Luger. Ilé àgbà ni, láti 1887, ní Williamsburg, kò jìnnà sí ẹsẹ̀ afárá tó lọ sí Manhattan. Ohun tó sọ wọ́n di olókìkí ni porterhouse: ẹran ńlá kan tí egungun rẹ̀ dà bí lẹ́tà T, filet wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, strip, ẹ̀yà ẹran mìíràn láti ẹ̀yìn màlúù, wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n máa ń gé e sí wẹ́wẹ́ nínú ilé ìdáná, wọ́n á wá gbé e wá nínú àwo gbígbóná fún ẹni méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti jọ jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro yín wà. Ẹran kan, iná kan, ẹnu méjì tí kò bára mu. Bí wọ́n bá sè é dé ibi tí Àǹtí fẹ́, ẹ̀gbẹ́ filet yẹn ti bàjẹ́, owó ńlá sì ni wọ́n gbà lórí rẹ̀. Wọ́n ń ta ti ẹnì kan ṣoṣo náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ènìyàn lọ síbẹ̀ láìjẹ porterhouse kò tó gbèsè ìrìn náà lójú tèmi. Wọ́n tún gbajúmọ̀ fún pé wọn kì í gba káàdì ìyáwó, èyí tó lè yọ ẹ̀gbọ́n yín lẹ́nu níbẹ̀ bí ẹ kò bá ti bi wọ́n tẹ́lẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí òkìkí dẹ́rù bà yín: ní 2019, Pete Wells tó ń tọ́ oúnjẹ wò fún New York Times nígbà náà kò fún wọn ní ìràwọ̀ kankan.

Ibi tí èmi máa mú fún àwọn méjèèjì yìí ni Keens, ní West 36th Street ní Manhattan. Láti 1885 ló ti wà. Gbogbo òrùlé inú rẹ̀ kún fún ìkòkò tábà alámọ̀ gígùn tí àwọn oníbàárà ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀. Tẹ́lẹ̀, ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé, títí òṣèré Lillie Langtry fi gbé wọn lọ sí kóòtù ní 1905, tó sì jàre wọn. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún Àǹtí kí wọ́n tó lọ, wọ́n á gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ ibẹ̀ ni mo fi ń pè é: ohun tí wọ́n fi di mímọ̀ jù lọ ni ẹran àgùntàn, gígé ńlá láti ẹ̀yìn, ọ̀rá yí i ká. Ẹni tó bá mọ adùn àgbò ọdún á mọ ohun tó wà nínú àwo yẹn. Ó ń gba iná dáadáa. Ẹ̀gbọ́n yín lè jẹ sítéèkì tiwọn bí wọ́n ṣe fẹ́, kí Àǹtí mú ẹran àgùntàn, tàbí ribeye bí ó bá wà, kí ó jinná, kò sí ẹni tó máa fi tirẹ̀ rúbọ.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn òórùn èéfín igi lára ẹran, Gallaghers ní West 52nd Street náà dára, láti 1927. Igi hickory ni èédú wọn. Láti ojú pópó lẹ ti máa rí yàrá tútù tí ẹran tò sí lẹ́yìn gíláàsì. Àgbègbè tíátà ló wà, èrò máa ń pọ̀ níbẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Yàrá tútù yẹn ló ń gbé owó lórí ẹran. Wọ́n á kó o síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi á máa fà kúrò lára rẹ̀, adùn á máa ki, ẹran fúnra rẹ̀ á sì máa rọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ, á dúdú, wọ́n á gé ìyẹn dànù. Èyí tó kù ni wọ́n ń tà, ìwọ̀n rẹ̀ sì ti dínkù púpọ̀. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ohun méjì ni kí ẹ bi ilé oúnjẹ kankan tí ẹ bá pè: ṣé Prime ni ẹran wọn, ọ̀sẹ̀ mélòó ló sì lò nínú yàrá tútù? Prime ni USDA fi ṣe ipò kìíní, Choice tẹ̀ lé e, fọ́nrán ọ̀rá inú ẹran sì ni ohun pàtàkì tí wọ́n ń wò. Bí ẹni tó gbé fóònù kò bá mọ̀, tí kò sì fẹ́ bi ẹlòmíràn, ẹ mú owó yín lọ síbòmíràn.

Nípa owó, 300 dọ́là ni 400 yín. Owó orí lórí oúnjẹ ní New York City jẹ́ 8.875%, owó tí a ń fún àwọn tó gbé oúnjẹ wá sì yẹ kó tó 20%. Oúnjẹ 300 dọ́là á di nǹkan bí 387. Ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́ kò bá ẹran wá, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tà wọ́n, àwo kan sì máa ń tó ẹni méjì. Wáìnì ló ń jẹ owó jù. Ẹ fi ife kọ̀ọ̀kan mọ.

Bí wọ́n bá jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bi wọ́n lórí halal kí ẹ tó san ohunkóhun. Kí wọ́n ní màlúù ni kò tó, nítorí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti wáìnì kì í jìnnà sí ilé ìdáná sítéèkì.

Káàdì ẹ̀bùn kò burú. Láti December 2022, òfin ìpínlẹ̀ New York ní káàdì ẹ̀bùn kò gbọdọ̀ kú kí ó tó pé ọdún 9. Ṣùgbọ́n èmi kò ní lò ó fún ẹ̀gbọ́n. Wọ́n á rí iye owó tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á ní ó ti pọ̀ jù, wọ́n á jẹ ìdajì, wọ́n á wá fi tiwọn san owó àwọn tó gbé oúnjẹ wá. Ẹ bi ilé oúnjẹ náà bóyá ẹ lè san owó láti Baltimore ṣáájú. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ìwé tí ẹ lè fọwọ́ sí: ẹ kọ iye tí kò gbọdọ̀ kọjá, kí ẹ sì kọ 20% àwọn agbáwo sínú rẹ̀. Kí wọ́n má gbé ìwé owó kankan dé orí tábìlì.

Ẹ mú ọjọ́ Tuesday tàbí Wednesday. Alásè máa ń ní àyè ní ọjọ́ bẹ́ẹ̀, Saturday sì ni òwàḿbẹ̀ àwọn ènìyàn wa, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti ní ibi tí wọ́n ń lọ. Ẹ pe ilé oúnjẹ náà láàárín agogo méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, nígbà tí èrò ọ̀sán ti lọ, tí ti alẹ́ kò tíì dé. Ẹ sọ fún wọn pé ogún ọdún ìgbéyàwó ni, pé ẹnì kan nínú wọn fẹ́ kí ẹran òun jinná pátápátá, kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Nípa bẹ́ẹ̀, Àǹtí kò ní máa ṣàlàyé ara wọn fún agbáwo ní alẹ́ ọjọ́ náà.