Odò ẹ̀yìnkùlé wa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ó ń yalé lójò

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn ilé wa n'Ìbàdàn níbí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn la fi ń pọnmi níbẹ̀. Ní báyìí, tí ọyẹ́ bá ti dé, ó gbẹ nìyẹn, tójò bá sì rọ̀ wákàtí kan péré, á kún dẹ́nu ọ̀nà wa. Àwọn àgbà kan ní wọ́n ti ṣẹ odò. Ṣé lóòótọ́ ni? – Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Mọ́mì, ẹ kú ìfaradà. Gbígbẹ àti kíkún yẹn, ìdí kan náà ló fà á. Omi tẹ́ ẹ̀ ń pọn lẹ́ẹ̀rùn nígbà yẹn, òjò tó ti wọlẹ̀ lọ látọjọ́ pípẹ́ ni, tó wá ń sun jáde díẹ̀díẹ̀ létí odò. Ní báyìí tí wọ́n ti gé igi orí òkè tán, tí kálukú da sìmẹ́ǹtì látẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, ibo lòjò fẹ́ gbà wọlẹ̀? Orí ilẹ̀ ló máa sáré gbà, gbogbo ẹ̀ á já sódò lẹ́ẹ̀kan náà, tọ́yẹ́ bá wá dé, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ tó máa sun jáde.

Tójò bá dá, ẹ bu omi odò yẹn sínú ike, ẹ gbé e kalẹ̀ di àárọ̀. Ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ máa bá nísàlẹ̀ ike yẹn, ilẹ̀ oko ẹnìkan ni o! Òun ló ń dí ojú odò, pẹ̀lú ìdọ̀tí táwọn èèyàn ń dà síbẹ̀, tí odò ò fi jìn mọ́. Ẹ ò ní gbàgbé omíyalé odò Ògùnpa ti August 31, 1980, àti omíyalé August 26, 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100 n'Ìbàdàn yìí kan náà. Òjò yẹn pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi àti pàǹtí tó dí i ló jẹ́ kó burú tó bẹ́ẹ̀.

Ní ti pé wọ́n ṣẹ odò, mi ò ní bá àwọn àgbà jiyàn, ẹni tó gé igi etí ẹ̀ ti ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ bá àwọn lándílọ́ọ̀dù àdúgbò sọ ọ́ ní mítìn yín: kí wọ́n fi koríko àti ọparun sílẹ̀ létí odò, kí ẹni tó ń dáko lórí òkè kọ poro ẹ̀ dábùú òkè, kó má dojú ẹ̀ kọ odò, kí wọ́n má sì ta ilẹ̀ etí omi yẹn fún ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kọ́lé.