Ẹ kọ́kọ́ wá ariwo inú ilé kí ẹ tó ra ohunkóhun fún rédíò yín

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń fi kún agbára áńtẹ́nà, nítorí pé rédíò alágbèéká olówó pọ́ọ́kú tí ẹ rà kò gbé nǹkan kan lórí ìgbì kúkúrú (shortwave, SW) lálẹ́ ju ariwo tí ń hó bí omi orí iná lọ. Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ má tíì rà á. Irú rédíò bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, mo sì ti ná owó tí kò yẹ kí n ná kí n tó mọ̀ pé rédíò náà kò ní àrùn kankan, ariwo tí ilé mi ń pa sí i létí ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ràn.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí iná mànàmáná lọ lójijì ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Orí bátìrì ni rédíò wà. Bí iná ti lọ ni ariwo náà rọlẹ̀, tí ohùn ọkùnrin kan tí ń ka ìròyìn sì jáde ketekete níbi tí n kò ti gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bẹ́ẹ̀ ni n kò fọwọ́ kan bọ́tìnì kankan. Nígbà tí iná dé, ariwo náà bá a dé. Ní ọjọ́ kejì, mo yọ gbogbo ohun tí a kì bọ ihò iná, mo yí rédíò sí ojú nọ́ńbà tí kò sí ibùdó (iléeṣẹ́ rédíò) kankan, mo sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣájà fóònù kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni ó burú jù nínú wọn, ó sì ń pariwo bí kò tilẹ̀ sí fóònù lẹ́nu rẹ̀. Gílóòbù LED méjì ni ó tẹ̀lé e. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa ń já iná tí ó gbà tí ó sì ń so ó padà, ó sábà máa ń ju 20,000 ìgbà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí sì ń bí ariwo tí ó gùn dé orí ìgbì kúkúrú, tí wáyà inú ògiri wá ń gbé ká gbogbo yàrá. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbọ́ rédíò lórí iná ilé rárá; bátìrì nìkan ni mo ń lò. Ní ti ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà yẹn, kò lè ya ohùn sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo: méjèèjì ni yóò gbé sókè.

Nítorí náà, ẹ gbé rédíò náà jáde lálẹ́, kí ẹ rìn jìnnà sí ilé díẹ̀, kí ẹ sì fa áńtẹ́nà rẹ̀ yọ tán. Bí ibùdó bá yọ níbẹ̀, ara rédíò yín le, ilé ni ẹ ó tún ṣe. Bí kò bá yọ, ẹ jẹ́ kí alátùn-únṣe tú u wo ìdí áńtẹ́nà, nítorí pé wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi òjé jó mọ́ ibẹ̀ tètè máa ń já nínú àwọn rédíò olówó pọ́ọ́kú. Tèmi já rí, fún oṣù mẹ́ta ni mo sì fi ń rò pé àwọn ibùdó ni ó ti kógbá sílé.

Ẹ sì wo aago tí ẹ ń gbọ́ ọ. Lálẹ́, ẹ wá ibùdó láàárín 5.9 àti 6.2 MHz (mẹ́gáhátísì, ìwọ̀n tí a fi ń mọ ojú ibi tí ibùdó wà), èyí tí wọ́n ń pè ní mítà 49, tàbí láàárín 9.4 àti 9.9, tí í ṣe mítà 31. Lọ́sàn-án, ẹ gòkè lọ sí mítà 19, láàárín 15.1 àti 15.8. Lójú ọ̀run ni ìgbì wọ̀nyí ti ń ta padà wá sílẹ̀. Ní ọ̀sán, ìpele ìsàlẹ̀ níbẹ̀, tí oòrùn ń dá sílẹ̀, máa ń gbé èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré mì, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìpele náà á pòórá, ibùdó tó jìnnà á sì wọlé.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣìṣe jù. Mo ra wáyà tí ó tó ọgbọ̀n mítà, mo so ó mọ́ áńtẹ́nà tààrà, rédíò náà sì dàrú: ibùdó ńlá kan gba ojú ibi gbogbo, mo sì tún ń bá a ní ibi tí ó fi 910 kHz (ìyẹn 0.91 MHz) rẹlẹ̀ sí ibùjókòó rẹ̀ gan-an. Òjìji ni ìyẹn, ó sì wọ́pọ̀ lára rédíò tí ń yí gbogbo ìgbì sí 455 kHz kí ó tó ṣiṣẹ́ lé e lórí, nítorí pé ìlọ́po méjì 455 ni 910. Mo gé wáyà náà ku mítà mẹ́fà, mo gbé e gba ojú fèrèsé jáde jìnnà sí ògiri, mo sì kàn fi ìdí rẹ̀ tí rọ́bà ṣì bò wé áńtẹ́nà ní ìgbà mẹ́rin, láìjẹ́ kí irin kan irin. Òjìji náà lọ, ohùn sì dúró.

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ohùn máa ń le sí i bí ẹ bá di rédíò mú. Ara yín ni ó ń ṣe ìdajì kejì tí áńtẹ́nà kò ní. Wáyà kejì tí ó gùn tó ti àkọ́kọ́ lè ṣe iṣẹ́ náà: nínú ọ̀pọ̀ rédíò, ibi tí ìdí bátìrì, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ òdì rẹ̀, ti ń kan irin ni mo ń so ó mọ́, tí mo sì ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi wáyà ìta sílẹ̀ lára rédíò bí òjò bá ṣú. Kì í ṣe àrá nìkan ni mo ń wí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ pàápàá lè kó iná jọ sórí wáyà, irú iná bẹ́ẹ̀ ni ó sì pa rédíò mi àkọ́kọ́ ní ọ̀sán gangan tí oòrùn ń ràn. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ẹnu wáyà kan irin tí a rì mọ́lẹ̀ kí n tó gbé e súnmọ́ rédíò.

Bí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí ibùdó tí ẹ ń wá kò sì yọ, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti aago tí ẹ fi wá a síbí, èmi náà yóò wá a lórí tèmi ní aago kan náà.